Kí a tó fi túláàsì sọ agùnbánirọ̀ di ológun

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí òǹkàwé yín kan kọ láti Ìbàdàn, tó fi ń rọ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n sọ iṣẹ́ ológun di túláàsì fún gbogbo agùnbánirọ̀, kí wọ́n sì fi odindi ọdún kan kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ààbò ilẹ̀ wa ti kọjá ohun tí à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ̀dùn ọkàn tó wà nínú lẹ́tà náà yé mi, nítorí kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà oko ní ìdájí ní agbègbè wa tí kò ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Síbẹ̀, ogun àtijọ́ ni ìmọ̀ràn náà bá mu. Ohun tí mo ń rí nínú àwọn ogun tó ń lọ lọ́wọ́ lágbàáyé ni pé ọ̀dọ́ tó wúlò jù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ẹni tó ní ìmọ̀ kan tí àwọn ológun kò ní, tó ti gba ẹ̀kọ́ tó tó láti darí ẹlòmíràn lábẹ́ òfin, tó sì ní iṣẹ́ àti ilé tí yóò padà sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá ológun rìsáàfù.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, ọ̀gá ológun rìsáàfù ni ẹni tó gba ẹ̀kọ́ ọ̀gá, tí wọ́n fún ní ipò, tó wá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ì báà ṣe tíṣà, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà tàbí oníṣòwò, tí wọ́n ń pè padà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà dé ìgbà, tó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ogun bá dé, wọn yóò ránṣẹ́ sí òun. Lójú tèmi, Fínlándì ló mú ètò yìí ní òkúnkúndùn jù. Láti 1920 ni wọ́n ti ní ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀gá rìsáàfù ní ìlú Hamina. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí òfin mú wọṣẹ́ ológun ni wọ́n ti ń ṣa àwọn tó mọ ènìyàn darí, ọjọ́ 347 sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń lò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gba ilé lọ pẹ̀lú ipò rẹ̀. Bí ogun bá bẹ́, 280,000 ni iye ọmọ-ogun tí wọ́n ti ṣètò láti kó jáde, láti inú orílẹ̀-èdè tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ lọ. Àwọn rìsáàfù ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Láyé àtijọ́, àfidípò lásán ni wọ́n ka irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ sí. Nínú ogun àgbáyé méjèèjì, iṣẹ́ ọ̀dọ́ tó wà ní ipò Lieutenant ni pé kó kó bí ọgbọ̀n ènìyàn sẹ́yìn, kó ṣáájú wọn lọ bá ọ̀tá, kí ẹlòmíràn sì bọ́ sí ipò rẹ̀ bí ó bá ṣubú. Ìmọ̀ tó ní kó tó wọṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí nílẹ̀ wa náà nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn wá gba Òṣogbo sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun Ìlọrin ní nǹkan bí 1840, oko ni ọ̀pọ̀ wọn ń ro nígbà tí kò bá sí ogun, Séríkí sì ni oyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olórí àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun. Ẹni tó bá lè di ohun ìjà mú ti tó. Nígbà ogun abẹ́lé pàápàá, a kò yí èrò yìí padà. Ní 1966, àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí ogun náà fi parí ní 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ta ni yóò darí irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀? Benjamin Adékúnlé, tí ìdílé rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí ìròyìn ogun sọ di Àkeekèé Dúdú, ẹni ọdún 31 péré ni nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní 1967, ọ̀gá tó sì gba ẹ̀kọ́ gidi ni. Lábẹ́ irú wọn ni wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ sí, tí wọ́n fi oṣù díẹ̀ kọ́, tí wọ́n sì fún ní ipò ọ̀gá wéré-wéré.

Ìjọba rí wọn lò, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ronú bí wọn yóò ṣe padà sílé. Ìdigunjalè gbilẹ̀ lẹ́yìn ogun, ìbọn tó fọ́n káàkiri àti àwọn ọ̀dọ́ tí ogun tú sílẹ̀ láìníṣẹ́ sì dá kún un, títí tí ìjọba Gowon fi ṣe òfin ní 1970 tó fi ikú ṣe ìjìyà adigunjalè. Àwa tí a ti gbọ́njú nígbà náà kò gbàgbé ohun tí ojú rí ní etíkun Bar Beach l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní kí a fi ọdún kan kọ́ gbogbo ọmọ wa ní ìbọn yíyìn láì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì, àyà mi máa ń já.

Ìyípadà tí mo ń sọ hàn kedere jù ní Ukraine. Kí Rọ́ṣíà tó wọlé tọ̀ wọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2022, àwọn fásitì wọn ti ní ẹ̀ka ológun, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gba ẹ̀kọ́ ọ̀gá rìsáàfù mọ́ ẹ̀kọ́ òfin tàbí ti kọ̀ǹpútà tó bá wá. Láti 2014, tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ni àwọn ará ìlú kan tí wọ́n mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà àti ọkọ̀ òfurufú kékeré ti kóra jọ lábẹ́ orúkọ Aerorozvidka, tí wọ́n ń fi dróònù wo ibi tí ọ̀tá wà. Nígbà tó yá, wọ́n di ara ẹgbẹ́ ọmọ-ogun. Ní 2024, Ukraine dá ẹ̀ka ológun ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ tí kò ní awakọ̀ nínú.

Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá wá dà níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún péré lè wà lábẹ́ rẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń rí lójú ẹ̀rọ lè ju èyí tí ọ̀gá tó ní ẹgbẹ̀rún ọmọ-ogun lẹ́yìn ń rí ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Òun ni yóò sọ bóyá ti ológun ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wò yìí, tàbí bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn tó ń sá àsálà ni, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sì ní láti fi pinnu. Dróònù tó ṣiṣẹ́ dáadáa lóṣù yìí lè di aláìwúlò lóṣù tó ń bọ̀ nítorí pé ọ̀tá ti rí ọ̀nà dí ìgbì rédíò rẹ̀, débi pé Ukraine àti Rọ́ṣíà ti jọ ń lo èyí tó ń fa wáyà fáíbà tín-ín-rín lẹ́yìn fún kìlómítà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má baà nílò rédíò rárá. Ẹni tó ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tàbí tó ti ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ tó ń tò ó padà kó tó wọ aṣọ ológun, yóò tètè rí ibi tí ìṣòro náà wà ju ọ̀gá tó ti lo ogún ọdún ní bárékè lọ, yóò sì mọ ẹni tó yẹ kó pè nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ìmọ̀ ará ìlú yìí, tí ẹnikẹ́ni kì í bi Lieutenant ayé àtijọ́ léèrè, ti wá di ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń wá a.

Mi ò sọ pé ogun ti di iṣẹ́ orí tábìlì o. Ukraine fúnra rẹ̀ ní láti dín ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin sógun kù láti 27 sí 25 ní oṣù Kẹrin 2024, nítorí pé ènìyàn ń tán lójú ogun. Àmọ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí wọ́n ti gbára lé iye ènìyàn ju ohunkóhun lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2022 ni Ààrẹ Putin ti Rọ́ṣíà kéde pé òun yóò pe àwọn rìsáàfù, minísítà ààbò rẹ̀ sì ní 300,000 ni wọn yóò jẹ́. Orúkọ wà nínú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fojú kan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún pípẹ́, àwọn kan ń fi owó ara wọn ra ohun èlò, ọ̀pọ̀ yanturu ọ̀dọ́ sì sá gba ẹnubodè Georgia àti Kazakhstan jáde. Ohun tí túláàsì láìsí ìmúrasílẹ̀ ń bí nìyẹn.

Ti Ísírẹ́lì yàtọ̀, ó sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù tí ẹgbẹ́ Hamas láti Gaza ṣe sí wọn ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n pe rìsáàfù tó ju 300,000 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ènìyàn náà sì jáde, nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára. Ẹjọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gaza lẹ́yìn náà kò ṣeé dá nínú lẹ́tà kékeré bí èyí. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni pé pípè tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn kan náà léraléra dá okòwò dúró, ó sì dá àárẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdílé. Ní oṣù Kẹrin 2025, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún rìsáàfù àti ológun-fẹ̀yìntì ẹ̀ka òfurufú fọwọ́ sí lẹ́tà ìta gbangba pé kí ìjọba gba àwọn tí wọ́n jí gbé padà, bí èyí tilẹ̀ máa ná wọn ní dídá ogun náà dúró. Àwọn aláṣẹ ológun bínú, wọ́n ní àwọn yóò yọ àwọn rìsáàfù tó fọwọ́ sí i tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó jókòó lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ lánàá, tó sì ń bọ̀ wá bá àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lọ́la, ojú tó fi ń wo ogun kò lè rí bíi ti ẹni tó ń gbé inú bárékè. Èmi kà á sí àǹfààní. Àwọn ọ̀gágun lè má gbà pẹ̀lú mi.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ti Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n búra fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹ́rin, tí àwọn kan nínú wọn ti Meta, Palantir àti OpenAI wá, wọ́n sì gbé ipò Lieutenant Colonel nínú rìsáàfù lé wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ipò yìí ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ń fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lépa. Ìmọ̀ wọn lè wúlò, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n a kì í ṣe àlejò sí oyè tí wọ́n ń gbé lé olówó lórí nílẹ̀ yìí, a sì mọ bó ṣe máa ń rí lára àwọn tó jẹ tiwọn pẹ̀lú òógùn. Ọ̀dọ́ tó lo ọjọ́ 347 lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní Fínlándì ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ ju wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀ tí òǹkọ̀wé Ìbàdàn kò mẹ́nu bà. Lábẹ́ àfikún tí wọ́n ṣe ní 1977 sí Àdéhùn Geneva, ìyẹn òfin àgbáyé lórí ogun jíjà, ará ìlú tó bá lọ́wọ́ nínú ìjà ní tààrà pàdánù ààbò tí òfin fún un ní gbogbo àkókò tó bá fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá ń fi fóònù rẹ̀ júwe ibi tí ọ̀tá wà kí wọ́n lè yìnbọn lù wọ́n lè wọ inú ewu yìí láìmọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀gá rìsáàfù, ó ní aṣọ, ó ní ipò, ó ní ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun bí wọ́n bá mú un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì jẹ́jọ́ àṣẹ tó bá pa. Ẹgbẹ́ fijilanté kò lè fún un ní èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sílé. Ní Borno, àwọn ISWAP, ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí tó yapa lára Boko Haram, ti ń fi dróònù ju ohun abúgbàmù sí ibùdó àwọn ọmọ-ogun wa. Ní oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde pàjáwìrì lórí ààbò, ó ní kí ọlọ́pàá gba 20,000 ènìyàn sí i, kí wọ́n sì lo àwọn àgọ́ agùnbánirọ̀ láti kọ́ wọn. Láti 1973 tí ètò agùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó jáde ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ìṣègùn àti kọ̀ǹpútà ti ń gba àgọ́ kọjá, àwọn tí wọ́n sì ń kó wá sí Ọ̀ṣun ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ẹdẹ, níbi tí sójà ti ń kọ́ wọn ní lẹ́fìtì-ráìtì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè mọ́ pé kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan kọ orúkọ àwọn ọlọgbọ́n náà sílẹ̀.

Ohun tí èmi ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré sí ti òǹkọ̀wé Ìbàdàn, ó sì le jù ú lọ láti ṣe. Kí wọ́n gba ìwọ̀nba ọ̀dọ́ tó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn lẹ́yìn ìsìnrú ìlú, nítorí ìmọ̀ tí wọ́n ní. Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn pín sí ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Kí ìbọn má kúrò ní bárékè. Kí gómìnà tàbí olóṣèlú kankan má lè pè wọ́n, nítorí a mọ ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe bí ìbò bá dé. Kí òfin wà bí èyí tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1994, tó sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá rìsáàfù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jẹ́ ìpè ìjọba dé. Láìsí èyí, ọmọ tálákà nìkan ni yóò forúkọ sílẹ̀, ìgbà tó bá sì padà, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí ìdílé ẹni tó kú tàbí tó farapa yóò gbà, àti ọjọ́ tí wọn yóò san án.

Àwọn kan yóò ní kò sí òfin tó gbà wá láyè. Ó wà. Apá 220 nínú Ìwé Òfin 1999 sọ̀rọ̀ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun tó jẹ́ túláàsì, èyí tí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lè fi òfin gbé kalẹ̀. Abala kejì rẹ̀ ló wù mí jù: títí wọn yóò fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, Ààrẹ lè pèsè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí tó bá fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá tún rí àwọn aṣojú wa tó wà l'Ábújá, ẹ bá wa béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ apá 220 dé lọ́wọ́ wọn, àti bóyá fásitì tó wà nílùú wa níbí lè kọ̀wé béèrè fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà láì dúró de òfin túláàsì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà ìtàn tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.