Mègáàdì tí kò lórúkọ nínú ìtàn àròsọ wa

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà yìí dá lórí àwọn ìtàn àròsọ tí ẹ máa ń tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá èyí tó ń sọ nípa àwọn tó re òkè òkun. Ẹjọ́ tí àwọn òǹkọ̀wé wa ń bá òyìnbó rò ti di mímọ̀: ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo gbogbo ọmọ Áfíríkà, ebi, ogun, àìsàn, ó parí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Binyavanga Wainaina, òǹkọ̀wé ọmọ Kẹ́ńyà, ti fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2005. Chimamanda Ngozi Adichie náà sọ̀rọ̀ lé e lórí ní 2009, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì kárí ayé. Ẹ wá ṣí ìtàn tiwa wò. Mègáàdì tó wà lẹ́nu géètì, "Àbókì" ni. Ọ̀rẹ́ ni àbókì lédè Hausa, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń lẹ táìlì, Ẹ̀gùn ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ́. Ọmọ Ígbò tó bá yọjú, owó ló ń wá. Ojú kan náà ni àwa náà fi ń wo ọmọlàkejì.

Kò yẹ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ti Abẹ́òkúta jáde. Àwọn tó sá fún ogun ló tẹ ìlú yìí dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Àwọn ará Òwu dé bá wọn lẹ́yìn náà. Kò pẹ́ sí i ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú àti ọmọ wọn, ń dé láti Freetown, tí wọ́n ń jẹ́ Coker, Williams àti Johnson, tí wọ́n wọ kóòtù nínú oòrùn, tí àwọn tí wọ́n bá nílé ń pè wọ́n ní òyìnbó dúdú. Ìran wọn ṣì wà láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó ń kà wọ́n sí àlejò mọ́.

Èdè ni nǹkan ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Òǹkọ̀wé á jẹ́ kí ọmọ Hausa máa sọ Yorùbá tí kò já gaara láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin, kódà nígbà tó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Èdè wo ni wọ́n ń sọ nínú yàrá ọ̀hún? Hausa mà ni! Yorùbá tó já gaara ló yẹ kí ẹ fi sí i lẹ́nu níbẹ̀, kó máa pòwe, kó máa dá àpárá. Ìgbà tó bá dé iwájú onílé ni kó tó máa ṣì í sọ, kí àṣìṣe náà sì jẹ́ ti ọmọ Hausa lóòótọ́. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Hausa ń lò, pẹ̀lú èyí tó ń já bọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Wọn kò ní ohùn àárín, wọn kò sì ní "gb". Nítorí náà, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lè dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, "gbàgbé" sì lè di "bàbé". Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kan náà á tún gbé "bàbé" yìí fún Ẹ̀gùn. Gùngbè ni Ẹ̀gùn ń pe èdè tirẹ̀! "Gb" wà nínú orúkọ èdè náà gan-an. Ẹni tó ń kọ irú rẹ̀ kò tẹ́tí sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì rí.

Àṣìṣe yìí kan náà ló ń bá wa wọ bàálù dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ọmọ òyìnbó ẹni ọdún 25. Ọmọ náà pè é ní Fọlákẹ́, ó ní kó lọ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì yàrá kẹrin. Báwo la ó ṣe kọ ọ́? Tí a bá kọ "Fọlákẹ́, lọ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì", ìwọ̀sí ni òǹkàwé á gbọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwọ̀sí lọ́kàn ọmọ náà. Orúkọ ló fi ń pe ọ̀gá tirẹ̀ pẹ̀lú. Tí a bá kọ "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì", a ti sọ ọ́ di ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta níbí nìyẹn. Èkíní ni ọ̀pọ̀ ń mú, wọ́n á sì pè é ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà lójú ẹsẹ̀. Asọ̀tàn ló yẹ kó dá sí i: kó jẹ́ ká mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" fún àgbà, pé etí Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi "ìwọ" sí i, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kó tó mọ́ ọn lára. Kí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà wá hàn níbi tó wà gan-an. Bàbá arúgbó yàrá kẹrin ní kí ọwọ́ dúdú má ṣe kan òun. Ọ̀gá kò bá bàbá wí. Ó rọra yọ orúkọ Fọlákẹ́ kúrò lórí ìwé iṣẹ́ alẹ́. Kò sẹ́ni tó bú u. Owó alẹ́ méjì ló lọ.

Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Aké ní Abẹ́òkúta níbí, ti ṣe irú rẹ̀ tipẹ́ nínú ewì "Telephone Conversation". Ọkùnrin kan ń wá yàrá, ó sọ fún onílé lórí fóònù pé ọmọ Áfíríkà lòun. Obìnrin náà dákẹ́, ó wá bi í bó ṣe dúdú tó. Ọkùnrin yẹn kò wàásù. Ńṣe ló ń ka àwọ̀ ara rẹ̀ fún un, ojú lọ́tọ̀, àtẹ́lẹwọ́ lọ́tọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́tọ̀, títí ó fi dé ìdí. Kí àwọn tó ń fi odindi ojú ìwé mẹ́ta sunkún àwọ̀ dúdú lọ kà á.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìwọ̀lú (físà) náà ń kọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá lọ sí Ìlú Ọba kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá ń lọ lọ́wọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò lè fi orúkọ ara wọn mú ìyàwó tàbí ọmọ wọlé mọ́, àfi irú àwọn tó lọ ṣe ìwádìí. Síbẹ̀ ẹ̀dá ìtàn wa á lọ kàwé oyè máàsítà ní 2025 pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, á máa ṣiṣẹ́ wákàtí 50 lọ́sẹ̀, ọlọ́pàá kankan kò ní yọjú. Káàdì ta ló fi ń ṣiṣẹ́? Inú ìbéèrè yẹn ni ìtàn wà. Nínú Americanah, ìwé ìtàn àròsọ Adichie tó jáde ní 2013, orúkọ àti káàdì ẹlòmíràn ni Obinze fi ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń bu nínú owó rẹ̀ fún olórúkọ. Káàdì obìnrin mìíràn ni Ifemelu náà fi wáṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Èèyàn á wá máa jẹ́ orúkọ àyálò bí ẹni yá aṣọ ìnáwó.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, àwọn oníṣòwò tó ti pẹ́ ní Kumasi àti Accra. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọjọ́ 14, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ti 1969, à ń sọ ọ́ bí ìyà tí wọ́n fi jẹ wá. Ti 1983, orúkọ àpò la fi sọ: "Ghana must go".

Ìtàn tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ ti wọ ọ̀sẹ̀ kọkànlá, mègáàdì inú rẹ̀ sì ń ṣí géètì láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ bá wa bi òǹkọ̀wé: kí ni orúkọ rẹ̀, èló ló ń gbà lóṣù, ta ló ń fowó ránṣẹ́ sí? Ọmọ Kano ni àbí ọmọ Maradi? Bó bá jẹ́ Maradi, Niger nìyẹn, ó ti sọdá ibodè, kí wọ́n sì jẹ́ ká mọ ibi tó gbà wọlé.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.