Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí tábìlì ọdún Kérésì

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ keje, oṣù Kejìlá.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Bàbá rẹ ní kí n kí yín. Ikọ́ tí ọyẹ́ dá sí wọn lára ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo wò ó títí. Tábìlì gígùn tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, tí wọ́n to ẹ̀ka igi ilẹ̀ òtútù sáàárín rẹ̀, tí àbẹ́là gígùn ń jó lórí rẹ̀, tí wọ́n sì fọ́n òwú ká bíi yìnyín. O ní bó o ṣe fẹ́ kí tábìlì tìrẹ rí nìyẹn lọ́jọ́ Kérésì tí àwọn àna rẹ máa kọ́kọ́ wá jẹun ọdún nílé rẹ. O tún sọ iye tí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ibi àríyá pè fún ọ, o sì bi mí bóyá kí o yá owó níbi ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ.

Má yá owó, ọmọ mi. Tábìlì yẹn lẹ́wà, n ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ni mo rí nínú rẹ̀. Tí ìyá ọkọ rẹ bá jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á yìn ọ́, wọ́n á sì dákẹ́, nítorí kò sí ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n lè nawọ́ sí pé, "Ìwọ nìyí, mo mọ̀ ọ́." Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti tábìlì rẹ mọ̀ pé o ti ń retí òun.

Ká ti ibi aṣọ bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá mi jáde nínú àpótí, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Bóyá ni o rántí rẹ̀, o kéré nígbà tí ìyá àgbà ń ró o. Òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni ọnà tó wà lára rẹ̀. Tí o bá wo àárín òpó kan sí èkejì dáadáa, ṣíbí ni wàá rí níbẹ̀. Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Èmi ò mọ aṣọ tó yẹ tábìlì oúnjẹ ọmọ Ìbàdàn jù ú lọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára ni àwọn àgbà fi ń tẹ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Àwọn obìnrin Ìbàdàn ló máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya tiwọn lọ́wọ́, tí wọ́n á jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Tí ìyá ọkọ rẹ bá béèrè ibi tí o ti rí i, sọ fún wọn pé aṣọ ìlú wọn ló padà wálé. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ya ọnà sí, nítorí náà má tẹ́ ẹ lódì, má sì fi rọ́bà bò ó. Tí ọbẹ̀ bá kán sí i, a ó fọ̀ ọ́.

Ti ìyá mi yìí ti gbó, kò da aró mọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá ra àdìrẹ tuntun láti gé ṣe aṣọ ìnuwọ́, fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí o máa fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba àwọn àna tèmi lálejò, àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìtòkú dé ni mo tẹ́ sórí tábìlì láìfọ̀. Bàbá bàbá rẹ wọ agbádá funfun wá. Nígbà tí wọ́n máa dìde, ìgbọ̀nwọ́ wọn méjèèjì ti di aró. Wọn ò bínú, wọ́n ní aró kì í ṣe ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, agbádá yẹn ò sì funfun mọ́. N ò fẹ́ kí irú rẹ̀ bá ọ.

Lórí àdìrẹ yẹn ni kí o wá na aṣọ òkè sí. O mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn máa ń hun ún kí télọ̀ tó rán an pọ̀. Nígbà ìgbéyàwó rẹ, àlàárì ni àwa wọ̀, ẹtù ni ẹbí ọkọ rẹ wọ̀. Mo ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́kù lára méjèèjì tí a kò tíì rán. Tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti orí tábìlì dé ìdí rẹ̀, kí wọ́n kan ara wọn. Kò sẹ́ni tí kò ní dá wọn mọ̀ nínú àwọn tí ń bọ̀. Ní tèmi o, tí o kò bá fi nǹkan mìíràn kún un, tábìlì rẹ ti pé.

Mo sì mọ̀ pé wàá fi kún un. Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí yín. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fín igbá, ra ńlá kan àti kékeré méjì. Oṣù yìí ni àgbálùmọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọsàn náà pọ̀ lọ́jà, ọsàn tiwa sì máa ń dúró ní àwọ̀ ewé kódà bó bá pọ́n. Kó ọsàn àti àgbálùmọ̀ sínú igbá ńlá, kí o ki tàtàsé pupa bọ àárín wọn. Àwọ̀ Kérésì tí o rí nínú àwòrán náà nìyẹn, látọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà. Má fi ata rodo sí i, nítorí àwọn ọmọdé máa fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì fi nu ojú. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ pín èso náà. Kí o tó gbé igbá náà kalẹ̀, jókòó kí ọkọ rẹ jókòó sí òdìkejì. Tí o ò bá rí ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, ohun tí o tò sáàárín ti ga jù.

Ra ewé eéran tó tóbi, tí a fi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín. Fi aṣọ tútù nù ún kó dán, kí o fi ẹyọ kan sábẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí àlejò bá ti dé ẹnu ọ̀nà ni kí o tò ó, nítorí ọyẹ́ á ká a kò láìpẹ́. Eruku ọyẹ́ yìí náà ni kí o fi sọ́kàn: da ojú abọ́ àti ife délẹ̀ títí ẹ ó fi jókòó.

O béèrè nípa mọ̀rìwò. Imọ̀ ọ̀pẹ kò ní àléébù lójú mi, a máa ń gbé e lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n mọ̀rìwò, èyí tí kò tíì là, aṣọ Ògún ni lójú àgbàlagbà. Tí o bá so ó mọ́ ibi oúnjẹ, ẹnì kan nínú wọn lè má jẹun fọkàn balẹ̀, kò sì ní sọ fún ọ. Imọ̀ tó ti là, tó tutù yọ̀yọ̀, ni kí o so mọ́ ẹ̀yìn àga.

Ti àbẹ́là nìkan ni n ò gbà rárá. Òwú, aṣọ àti ewé gbígbẹ nínú ọyẹ́, pẹ̀lú fáànù lókè orí! Kò sí yìnyín ní Ìbàdàn, Àbẹ̀kẹ́. Tí o bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ lálẹ́, da omi díẹ̀ sísàlẹ̀ ife gíláàsì tó jìn, gbé àbẹ́là kúkúrú sí i, kí o tò wọ́n sójú fèrèsé tí kò ní kọ́tìnì.

Ó wá ku ohun tó wù mí jù nínú àwòrán yẹn, ìyẹn bébà pélébé tí wọ́n kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan sí níwájú abọ́ rẹ̀. Èyí ni kí o ṣe, kí o sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni ọ́. O kò gbọdọ̀ kọ orúkọ bàbá ọkọ rẹ sórí bébà bí ẹni pé wọ́n wá ṣe ìdánwò. Béèrè oríkì ìdílé wọn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ obìnrin, wọ́n á dùn sí i pé o béèrè, kí o mú ìlà kan nínú rẹ̀. Tí kò bá sí àyè, kọ ọ́ pé, "Bàbá wa, ọmọ mesì ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé." Fún ìyá ọkọ rẹ, kọ "Ìyá wa" àti oríkì tí ìyá tó bí wọn fi ń pè wọ́n. Ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi orúkọ yẹn pè wọ́n.

Àwọn àbúrò ọkọ rẹ, tí wọ́n ti wà nínú ilé kí o tó dé, o kì í pe orúkọ wọn náà. Orúkọ tí o fún wọn nígbà tí o wọlé ni kí o kọ: Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, Ìdílẹ̀kẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tí o kò tíì fún lórúkọ, bá a wá tirẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Má jẹ́ kó dé kó wá rí i pé ti àwọn yòókù wà, tòun ò sí. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o fọwọ́ kọ wọ́n, kó má jẹ́ pé o tẹ̀ wọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Ká aṣọ ìnuwọ́ kọ̀ọ̀kan, fi ìko tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, irú èyí tí wọ́n fi ń di àdìrẹ oníko, kí o ki bébà náà bọ abẹ́ ìko.

Àwọn ọmọdé, tẹ́ ẹní fún wọn. Ẹní Ògòtún Èkìtì tí mo fún ọ tóbi tó. Tí wọ́n bá tètè dé, fún wọn ní èso ṣéké-ṣéké gbígbẹ àti ọ̀dà pupa, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n tò ó yí ẹní wọn ká. Ariwo á pọ̀, jẹ́ kí wọ́n pa á.

Mo ti di àdìrẹ náà mọ́ àlàárì àti ẹtù sínú àpò kan. Ọjọ́ Sátidé ni yóò dé ọwọ́ rẹ. Tí o bá gbà á, nà án sínú ìbòòji, má nà án sóòrùn, kí òórùn káńfọ̀ lè kúrò lára rẹ̀. Etí àdìrẹ náà kan ti ń tú, fi òwú dúdú rán an kó má lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lálẹ́ tó ṣáájú Kérésì, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí o ya fọ́tò rẹ̀ fún mi kí o tó gbé abọ́ kankan lé e. Bàbá rẹ náà fẹ́ rí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.