Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi lórí Abẹ Katakata àti Ẹ̀ka Igi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo sì kí àwọn ọmọ. Ara mi le, iṣẹ́ oko tí mo ń ṣe níhìn-ín sì ń lọ déédéé. Ọ̀rọ̀ abẹ ẹ̀yìn katakata, irin gbọọrọ tí katakata ń fà lẹ́yìn láti fi tẹ́ ilẹ̀, tí ẹ bi mí léèrè kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé, òun ni mo sì fẹ́ fi gbogbo ìwé yìí dáhùn.

Ẹ ní bí ẹ bá fi abẹ náà wọ́ ẹ̀ka igi jọ, iyẹ̀pẹ̀ ló máa ń pọ̀ ju ẹ̀ka lọ nínú òkìtì. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ títẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, ẹnu rẹ̀ sì ṣe gbọọrọ láìní àlàfo tí iyẹ̀pẹ̀ lè gbà jò. Èyí tó dùn mí jù ni pé iyẹ̀pẹ̀ òkè, tí ọ̀rá ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ni ẹ ń wọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì tí iyẹ̀pẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ kì í jóná tán.

Eyín ni abẹ yín nílò, bí ti òòyà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó eyín mọ́ irin ẹnu abẹ gan-an, bí àwọn wẹ́dà ṣe ń fi iná so irin pọ̀, nítorí irin líle ni, bí wọn kò bá sì kọ́kọ́ mú un gbóná kí wọ́n tó jó o, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó náà ni yóò ti sán. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: bó bá rí bí èyí tí a ń lò níhìn-ín, bóòtù ni wọ́n fi de irin ẹnu yẹn, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ bó bá jẹ. Ẹ tú u, ẹ wá irin pẹlẹbẹ tó nípọn, tí kì í ṣe irin líle, ẹ lu ihò sí i ní ìbámu pẹ̀lú ihò abẹ, kí wọ́n sì jó eyín mọ́ ìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ilẹ̀, ẹ ó tú eléyín kúrò, ẹ ó sì dá ti àtijọ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí eyín kan jìnnà sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ṣóńṣó wọn tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ̀ka lè máa gùn ún bọ̀ lókè nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ ń jò láàárín. Ẹ fi irin onígun mẹ́ta ti ẹ̀yìn eyín kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí eyín má lágbára ju apá katakata, àwọn irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó di abẹ mú, lọ: bó bá kọ lu kùkùté, ó sàn kí eyín tẹ̀ ju kí apá ṣẹ́ lọ.

Ẹ tú abẹ kúrò lára katakata kí wọ́n tó jó ohunkóhun. Bí kò bá ṣeé tú, ẹ yọ okùn bátìrì, ẹ sì fi igi gbọn-in gbọn-in gbé abẹ náà dúró, torí háídírọ́líìkì, ẹ̀rọ tó ń fi agbára epo gbé abẹ sókè, lè sọ̀ kalẹ̀ nígbàkigbà.

Ní ti wíwa katakata náà, iwájú ni kí ẹ máa fà á lọ, jẹ́jẹ́. Ẹ má fi ẹ̀yìn tì í lu òkìtì, nítorí fífà ni wọ́n ṣe apá wọ̀nyẹn fún. Katakata yóò máa kọjá lórí ẹ̀ka, ẹ̀ka tó bá sì ta sókè lè ya rọ́bà epo tàbí kó gún rédíétọ̀. Ẹ fi páànù irin bo ìsàlẹ̀ katakata, ẹ sì fi àwọ̀n irin bo iwájú.

Ẹ bá mi fi tépù wọn gígùn abẹ náà, àárín ihò kan sí èkejì, àti bí ihò ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ ya irin náà sórí ìwé, kí ẹni tí yóò bá yín jó o lè rí i kedere.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́.