Ọkàn kì í ṣe páìpù: ẹ má dá oògùn stent yín dúró

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Púlọ́mbà ni mí ní Mọ́lété, nílùú Ìbàdàn. Ọdún kejìdínlógójì rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Oṣù kẹwàá sì rèé tí wọ́n fi irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní stent sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn mi. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, gba tirẹ̀ ní oṣù méjì lẹ́yìn mi. Ó ti di olóògbé báyìí. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. À ń gbé táǹkì omi sókè ilé kan ní Àkóbọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wà lórí àkàbà nígbà tí nǹkan kan jókòó lé mi láyà bí àpò sìmẹ́ńtì. Kò gún mi, kò ta mí, ó kàn ń tẹ̀ mí ni. Apá òsì mi wúwo, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mi ń ro mí bí ẹni tí eyín ń dùn, òógùn tútù sì bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní ọ́lsà mi ló dé. Mo mu oògùn ọ́lsà tó wà nínú àpò iṣẹ́ mi, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì ń ti ibẹ̀ pàṣẹ fún àwọn ọmọṣẹ́. Odidi wákàtí mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Dókítà tó wá rí mi lẹ́yìn náà sọ fún mi pé láàárín àkókò yẹn, apá kan nínú ẹran ọkàn mi ti kú, kò sì ní í jí mọ́.

Ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọṣẹ́ mi kọ́kọ́ gbé mi lọ fún mi ní abẹ́rẹ́ ibà. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi fárígá, ó ní àfi kí wọ́n gbé òun àti ọkọ òun lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lẹ wáyà mọ́ mi láyà, tí ẹ̀rọ kan sì ń ya lílù ọkàn mi sórí bébà. Dókítà kò tíì wo bébà náà dé ìdí tó ti ní kí n rún aspirin kéékèèké mẹ́rin lẹ́nu. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, a ti wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Èkó.

Mo rò pé wọ́n máa là mí láyà ni. Wọn ò là mí. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ibi kan ro ènìyàn ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ki rọ́bà tínínrín kan sínú iṣan tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tì í lọ títí ó fi dé ẹnu ọkàn. Ojú mi là sílẹ̀ gbàgàdà. Mò ń wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe tú aró sínú àwọn iṣan náà tí wọ́n sì hàn bí gbòǹgbò igi. Níbì kan, gbòǹgbò tó wà níwájú fún pinpin, ó kù bí òwú. Wọ́n fi wáyà tó tínínrín bí irun kọjá níbẹ̀. Wọ́n ti bàlúùnù kékeré kan tẹ̀lé e, stent wé mọ́ ọn lára. Wọ́n fẹ́ bàlúùnù náà, stent fẹ̀, ó gbá gbogbo ọ̀rá tó dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n yọ bàlúùnù, stent dúró. Nígbà tí wọ́n tún tú aró sí i, mo rí i bó ṣe ṣàn dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo sunkún lórí tábìlì yẹn.

Lọ́jọ́ kejì dókítà fi irú rẹ̀ hàn mí. Ó fẹ̀ ní mìlímítà 3, ó gùn ní mìlímítà 28. Àwọ̀n ni, irin kóbáltì àti krómíọ́mù ni wọ́n fi hun ún, wọ́n sì fi oògùn kùn ún lára. Ẹni tí ibùsùn rẹ̀ kángun sí tèmi kò rí irú rẹ̀ gbà, nítorí iṣan mẹ́ta ló dí fún un. Wọ́n ní àyà rẹ̀ ni àwọn máa là, kí àwọn yọ iṣan láti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí àwọn fi ya ọ̀nà mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí, iṣẹ́ abẹ tí René Favaloro, dókítà ọmọ Argentina, sọ di mímọ̀ ní Cleveland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1967.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi: "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ púlọ́mbà, ó ti yé yín. Páìpù ló dí, a ti ṣí i." Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì dùn mọ́ mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá kí mi. Nígbà tí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ó máa gba stent, tí ẹ̀rù ń bà á, èmi gan-an ni mo lọ bá a nílé rẹ̀. Mo ní, "Má bẹ̀rù. Páìpù ló dí, wọ́n á ṣí i, ó parí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Nítorí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí èmi tí mo mọ páìpù ti mọ̀. Bí mo bá so ṣọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ páìpù lónìí, omi kò mọ̀ pé nǹkan tuntun wà lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ mọ̀. Bó bá ti kan irin, ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́ náà ló máa fẹ́ ṣe: á fẹ́ dì lé e lórí. Nínú ihò tí kò ju mìlímítà 3 lọ, ẹ̀jẹ̀ tó dì lè sé ọ̀nà pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rá tó kọ́kọ́ dí i, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló fi kó jọ.

Ara fúnra rẹ̀ ló máa ń hu awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irin náà títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní í kàn án mọ́. Oṣù ló ń gbà. Oògùn tí wọ́n kùn sára stent wà kí ẹran má bàa hù jù kó tún dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n òun náà ló tún ń fa ìbòrí yẹn sẹ́yìn. Ní gbogbo àsìkò tí irin náà fi wà ní ìhòòhò, oògùn oníkóró méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì ló ń ṣọ́ ọ: aspirin, àti clopidogrel tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí àìsàn ọkàn kọlù lójijì bíi tèmi, oṣù méjìlá ni wọ́n sábà máa ń ní kó lo méjèèjì pọ̀. Ẹni tí wọ́n fi sí i láìjẹ́ pé àìsàn ti kọlù ú, bí oṣù mẹ́fà. Dókítà lè dín in kù fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè dà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, aspirin sábà máa ń dúró títí láé.

Ọmọ mi obìnrin ka ìtàn stent fún mi lórí fóònù nígbà tí mo ń gbàtọ́jú, ó sì wọ̀ mí lára. Andreas Gruentzig, dókítà ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Zurich, ní Switzerland, orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ni òun àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ti fi ọwọ́ ṣe àwọn bàlúùnù àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ló kọ́kọ́ fi ṣí iṣan ọkàn aláìsàn kan tó wà lójúfò, ọkùnrin ẹni ọdún 38. Oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni mo pe ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí bàlúùnù bá ṣí a máa padà pa dé, títí di 1986 tí àwọn dókítà méjì, Jacques Puel ní Toulouse, ilẹ̀ Faransé, àti Ulrich Sigwart ní Lausanne, Switzerland, bẹ̀rẹ̀ sí í fi stent mú kí ọ̀nà náà wà ní ṣíṣí. Ní 1999, ní São Paulo, ní Brazil, wọ́n fi èyí tí wọ́n kùn ní oògùn sí ènìyàn lára fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n ń bá jà. Àwọn oògùn líle tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún àwọn aláìsàn mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára àwọn kan. Ìgbà tí wọ́n rí i pé aspirin pẹ̀lú oògùn kejì ló ń ṣiṣẹ́ jù ni stent tó wá di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ìdajì iṣẹ́ náà ni oògùn yẹn. Èmi ò sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi.

Ó ta ilẹ̀ tó rà sí Ọmì-Adió. Àwa púlọ́mbà ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London fi ìyókù ránṣẹ́. Nínú gbogbo wa tí a jókòó lọ́jọ́ tí a ń ka owó náà, kò sẹ́ni tó béèrè pé oògùn ńkọ́. Ọmọ mi ló ń ra tèmi lóṣooṣù, mi ò mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ọ̀rẹ́ mi ń lo tirẹ̀ déédéé fún oṣù méjì, ara rẹ̀ le, ó padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí oògùn gbówó lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé clopidogrel sí méjì. Ó tún wá ń lo àbọ̀ náà ní ọjọ́ kan, á fo ọjọ́ kejì. Kò sọ fún ẹnì kankan. Lẹ́yìn gbogbo owó táwọn ènìyàn ti dá fún un, ojú tì í láti tún wí pé òun ò ní owó kóró oògùn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, oṣù karùn-ún lẹ́yìn tó gba stent, ó wà ní balùwẹ̀, ó ké lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú. Dókítà tó fi stent sí i sọ fún wa pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá òun lójú pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ gbé bébà kan tó ká mọ́wọ́ wá fún mi. Àbọ̀ kóró oògùn méjìlélógún ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń tọ́jú de ọjọ́ iwájú. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé nítorí èyí ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tèmi dúró. Eyín mi kan ń dà mí láàmú, ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ sì ní kí n má lo oògùn méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ̀jẹ̀ má bàa pọ̀. Mo pe dókítà ọkàn. Ó ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò. Wọ́n yọ eyín náà, mo di òwú mọ́lẹ̀ níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ dá. Àwọn kan ti gbé àgbo tó ń fọ iṣan wá fún mi. Mi ò ní í bú àgbo, òun ni ìyá mi fi wò wá dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mu ún kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó mu ún, kó má sì fi pààrọ̀ kóró méjèèjì. Bí wọ́n bá sì gbàdúrà fún yín tí ara yín sì le, ẹ dúpẹ́, ẹ lo oògùn yín.

Mo bẹ ẹ̀yin dókítà wa: bí ẹ bá ń kọ iye owó stent fún aláìsàn, ẹ kọ owó oògùn ọdún kan sí abẹ́ rẹ̀ lórí bébà kan náà. Mo bẹ ẹ̀yin ẹbí àti ẹgbẹ́ tó ń dáwó: ẹ dá ti oògùn náà pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹnì kan máa rà á lóṣooṣù. Ìwọ tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ, sọ fún dókítà kó o tó gé kóró. Oríṣi clopidogrel tó wà lọ́jà ju ẹyọ kan lọ, iye wọn kò sì dọ́gba. Dókítà lè wá èyí tí agbára rẹ ká.

Ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwa. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ń lọ fún stent lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá a dáwó fún un, a sì ya ti oògùn oṣù méjìlá sọ́tọ̀ sínú àpòòwé tirẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni a kó o sí.

Èmi ni tiyín,
Púlọ́mbà kan, Mọ́lété, Ìbàdàn