Àkànní, má tíì bó ọ̀dà ara ìjàpá náà

Ìbàdàn,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì wo fọ́tò mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà? Gbogbo wa níbí wà dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìjàpá pupa yẹn, ọkọ̀ Volkswagen kékeré oníke tí o ń kùn, ni mo fẹ́ tètè bá ọ sọ kí ọwọ́ rẹ tó yá jù. O ní kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán tí o fín lé àwọ̀ rẹ̀ lórí, rí ṣákaṣàka bí èèpo ọsàn, o sì fẹ́ bó gbogbo ọ̀dà náà dànù. Jọ̀ọ́, má bó o. Ohun tí mo rí nínú fọ́tò yẹn kò ju ohun tí omi, sáńpépà àti sùúrù lè tún ṣe lọ.

Fi í sílẹ̀ ná. Gbé imú sún mọ́ ọn: bí o bá ṣì ń gbọ́ òórùn ọ̀dà, ojú nìkan ló gbẹ, kò tíì gbẹ dénú. Bí sáńpépà bá kàn án báyìí, yóò ká jọ bí awọ tó máa ń bo orí ẹ̀kọ gbígbóná.

Tó bá ti gbẹ, gé sáńpépà dúdú tó ń gba omi, nọ́ńbà 1500, kó má tóbi ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ìṣẹ́jú 15, kí o kán ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán kan sí i. Má fi ìka lásán tẹ̀ ẹ́, ìka a máa gbẹ́ kòtò. Fóòmù pẹlẹbẹ ni kí o fi wé, nítorí pé ara ìjàpá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ibi tó tẹ́jú. Fúyẹ́ ni kí ọwọ́ rẹ máa lọ.

Omi máa ń tan ojú jẹ, Àkànní. Ohunkóhun tí omi bá wà lára rẹ̀ ló ń dán. Bí o bá ti ra á bí ìgbà mẹ́wàá, nu ún gbẹ, kí o dà á sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ iná. Ibi tí sáńpépà ti kàn kò ní dán, yóò dà bíi gíláàsì tí a mí sí. Àwọn tótòtó tó ṣì ń dán láàárín rẹ̀, kòtò ni wọ́n. Sáńpépà kò tíì dé ìsàlẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni iṣẹ́ ń lọ. Bó bá ku ẹyọ kan tàbí méjì, fi wọ́n sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń lé wọn kiri ni mo ti ba tèmi jẹ́.

O rántí aláwọ̀ sánmà tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá? Etí mọ́gáàdì ọ̀tún ni. Ọ̀dà kì í nípọn lórí ibi tó bá yọ ṣóńṣó, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo agbára ọwọ́ máa ń bọ́ sí. Kílíà ló ń mú kí omi tó ń ṣàn funfun. Mo rí i tí tèmi yí padà di aláwọ̀ sánmà, mi ò dúró. Kí n tó mọ̀, ike ti yọjú. Tìrẹ pupa ni: bí omi bá ti pọ́n díẹ̀, gbé ọwọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo tún un ṣe ṣá. Mo fín àwọ̀ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo dúró, mo fín kílíà lé e, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Láti ìgbà náà, mo ń lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ gbogbo etí kí n tó fọwọ́ kàn án, tó bá sì ku ìra ìkẹyìn ni mo ń yọ ọ́.

Lẹ́yìn 1500, ó kan 2000, ó kan 3000 tó kúnná jù, kó tó kan kọ́ńpáńdì, ìyẹn ìpara tí a fi ń dán ọ̀dà, àti aṣọ òwú rírọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, da omi nù, fọ abọ́, fọ ọkọ̀. Pẹ́ńtà kan ní ọgbà mẹkáníìkì ló kọ́ mi ní èyí: hóró 1500 kan ṣoṣo tó bá bá 3000 wọlé yóò fa ilà tí kọ́ńpáńdì kò ní lè pa rẹ́.

Mo tún fẹ́ bá ọ wí. O ní gbígbẹ lo fi ń ha ike nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Eruku ike àti ti ọ̀dà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, omi ló sì ń so ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ eruku yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà gba irú sáńpépà tó ń gba omi yìí lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ 3M gbé e jáde ní 1921. Omi sì ń pa ooru, nítorí irú ike yìí máa ń rọ̀ bó bá gbóná tó omi híhó.

Nítorí Bàbá ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn báyìí. Ìjàpá wọn tó ń gbé wa lọ sí ilé ìwé, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Èkó láti 1975 ni, gbogbo Sátidé ni wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ fúnra wọn. Èyí tó wà lórí tábìlì rẹ kò ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó dán bíi tiwọn. Mo ti gé pátákó nọ́ńbà kékeré méjì fún un, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni mo sì rántí. Tí o bá pe Màmá, bá mi bi wọ́n léèrè ìyókù, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Inú àpòòwé tó ń bọ̀ ni màá fi wọ́n sí.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, Àlàó.