Adájọ́ wa kì í lu òòlù

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó létí.

Eré tọkọtaya kì í pẹ́ kó tó dé kóòtù, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dàrú. Wọ́n á dé wíìgì irun ẹṣin fún adájọ́ bíi ti Ìlú Ọba, wọ́n á tún kó òòlù onígi inú fíìmù Amẹ́ríkà lé e lọ́wọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé kóòtù yìí wá kì í lu òòlù, adájọ́ tiwa náà kì í lù ú. Ọlọ́pàá kóòtù ló ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á ké "Kóòtù!", gbogbo èèyàn á dìde, adájọ́ á tẹríba, àwọn lọ́yà á tẹríba padà. Ọ̀pọ̀ adájọ́ wa ṣì ń fọwọ́ kọ ẹjọ́ sílẹ̀ títí dòní, lọ́yà tó mọṣẹ́ a sì máa wo bírò wọn kó tó béèrè ìbéèrè tó kàn. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí bírò yẹn nígbà tí ọkọ ń làágùn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ti aṣọ àti òòlù ṣì kéré. Ọdún 1884 ni òfin ìgbéyàwó òyìnbó wọ Èkó, látìgbà náà ló sì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìbílẹ̀ wa. Kóòtù ìbílẹ̀ ló ń tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ká. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dídá owó orí ìyàwó padà ti ń wáyé. Kò sí wíìgì níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ààrẹ kóòtù náà ní "Olúwa mi". Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì, kóòtù gíga ló ń lọ. Nínú eré, ọkọ á ju "ìwé ìkọ̀sílẹ̀" sórí tábìlì, ìyàwó á sunkún, á fọwọ́ sí i, ó tán. Irọ́ gbuu ni. Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ọdún 1970 ní bí ìgbéyàwó ò bá tíì pé ọdún 2, ẹ ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù kẹ́ ẹ tó pẹjọ́. Bí adájọ́ bá sì ti dájọ́, oṣù 3 ṣì gbọ́dọ̀ kọjá kó tó fìdí múlẹ̀.

Inú oṣù 3 yẹn ni eré wà! Bí ọkọ bá sáré lọ san owó orí ìyàwó tuntun ní Ìdànrè lóṣù kejì, ìyálé ṣì ni aya rẹ̀. Ti Ìdànrè kì í ṣe aya lójú òfin, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sì wà nínú ìwé fún ọkọ (a gbà, ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n ọ̀hún ṣọ̀wọ́n). Bó bá wá kú lọ́sẹ̀ yẹn ńkọ́, ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ní Alágbàká, Àkúrẹ́? Oyún sì wà nínú ti Ìdànrè, bẹ́ẹ̀ òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ò gbà ká fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ yà á sọ́tọ̀.

Àwa lọ́yà tí ń yẹ ìwé eré wò,
Àkúrẹ́.