Ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ṣeé tì ń lé àwọn ọmọbìnrin kúrò nílé ìwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ọmọbìnrin tí kì í parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí àwọn òbí ni ẹni tó kọ ọ́ di gbogbo ẹ̀bi rù: ó ní wọn ò ka ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sí, pé ọkọ ni wọ́n ń wá fún un. Mi ò ní irú òbí bẹ́ẹ̀ ò sí. Mo ti bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọdún 23 ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ni mo sì pẹ́ sí jù. Àwọn ọmọbìnrin tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ lé lọ lójú mi pọ̀ ju àwọn tí òbí wọn fà lọ́wọ́ jáde.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ṣáláńgá mẹ́rin ló wà fún gbogbo ilé ìwé, tọkùnrin tobìnrin ló sì jọ ń lò wọ́n. Ìkọ́ ìlẹ̀kùn ti já lára mẹ́ta. Àwọn ọmọbìnrin kì í dá lọ. Méjìméjì ni wọ́n ń lọ: ọ̀kan á wọlé, èkejì á dúró síta, á fi ọwọ́ méjèèjì di ìlẹ̀kùn mú. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ ẹni ò bá wá, ọmọ á mú ìtọ̀ mọ́ra títí wọ́n á fi jáde nílé ìwé. Mo bi ọmọ ọdún 11 kan pé kí ló dé tí kì í mu omi nígbà tí oòrùn mú tó báyìí. Ó ní, "Anti, bí mo bá mu ún, ìtọ̀ á gbọ̀n mí."

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù kò kan ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kọ́ kíláàsì kẹfà rí. Àwọn mìíràn máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wà tó pẹ́ kí wọ́n tó wọ ilé ìwé, tàbí tó ti tún kíláàsì kà, tí wọ́n á ti pé ọdún 13 tàbí 14 kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ sí aṣọ rẹ̀. Kò mọ̀. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló rí i, ẹ̀rín sì gba kíláàsì kan. Mo bọ́ súwẹ́tà mi, mo so ó mọ́ ọn nídìí, mo mú un jáde. Ibi tí a máa lọ ló wá di ìṣòro. Kò sómi. Ìlẹ̀kùn ò ṣeé tì. Èmi ni mo dì í mú fún un lọ́jọ́ náà, bébà tó ya nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì fi nu ara. Ó padà wá, àmọ́ rẹ́jísítà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: kò wá fún ọjọ́ mẹ́rin lóṣù yìí, ọjọ́ márùn-ún lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìdánwò dé, kò yege. Wọ́n ní kó tún kíláàsì náà kà láàárín àwọn ọmọ tó fi ọdún méjì jù lọ. Kò wá mọ́. Ìyá rẹ̀ ló wá bá mi, tó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun bẹ ọmọ kó padà. Ṣé ìyá yẹn náà la fẹ́ dá lẹ́bi?

Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ò sì fi wá sínú òkùnkùn. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ètò Ìlera Lágbàáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ló yẹ fún ọmọbìnrin 25, kí tiwọn sì yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Ní Kẹ́ńyà, òfin ọdún 2017 ní kí ìjọba máa fún ọmọbìnrin tó ti bàlágà nílé ìwé ìjọba ní páàdì lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì pèsè ibi tí wọ́n á máa kó èyí tí wọ́n ti lò sí. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Burkina Faso. Láti ọdún 2005, wọ́n kọ́ ilé ìwé sí abúlé 132 pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin, omi tó ṣeé mu, àti ilé fún àwọn tíṣà. Ọmọbìnrin tó bá ń wá déédéé máa ń gbé oúnjẹ lọ sílé nígbà náà. Iye ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ní àwọn abúlé yẹn ga sí i, ti ọmọbìnrin sì ga sí i ju ti ọkùnrin lọ. Àwọn òbí tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ilé ìwé ló yí padà.

Ọ̀nà jíjìn náà wà lára ohun tó ń lé wọn kúrò nílé ìwé. Òbí wo ló máa fi ọkàn balẹ̀ jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ dá rin igbó lọ rin igbó bọ̀? Ọ̀rọ̀ àwa tíṣà náà wà lára rẹ̀. Tíṣà tó ń fọwọ́ pa ọmọbìnrin lára kò yẹ lẹ́ni tó ń gbowó oṣù, ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí i. Èmi náà ò mọ́. Mo ti rán àwọn ọmọbìnrin lọ pọnmi nígbà tí iṣẹ́ ìṣirò ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn ọmọkùnrin sì jókòó tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé mò ń jí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ń dùn mí di òní.

Ìkọ́ ìlẹ̀kùn ò wọ́n. Mo tọrọ rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko kí ọ̀gá ilé ìwé tó dá mi lóhùn, àárín ọdún méjì yẹn sì ni ọmọ tí mo sọ yìí lọ.

Mo bẹ yín, bí akọ̀ròyìn yín bá tún lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí kíláàsì tuntun, tí wọ́n ń gé rìbọ́ọ̀nù, kó rọra yọ lọ sẹ́yìn ilé. Kó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, kó gbìyànjú àtiti ìlẹ̀kùn láti inú, kó wò ó bóyá omi wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbé ohun tó bá rí jáde.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì